Àpótí Màmá Lọ Sùn ní Hòtẹ́ẹ̀lì

Láti ìgbà tí mo ti padà dé sí Ẹgbẹ́dà, kò sí ẹni tó jẹ́ kí n mu omi tán kó tó bi mí pé, "Tíṣà, báwo lọ̀hún ṣe rí?" Ìyá tó ń ta gáàrì níwájú ilé wa bi mí. Onílé wa bi mí. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, tó yẹ kó bi mí ìdí tí mo fi fi ọjọ́ mẹ́rin lé ìsinmi, òun náà kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún. Ó ti sú mi láti máa já a sọ ní ìdákúrekú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tún bi mí lẹ́yìn èyí, kó yáa mú ẹlẹ́rìndòdò tútù kan dání.

Ọmọ ọwọ́ kan ló gbé wa rìn. Àbúrò mi Fọlákẹ́, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ló bá ọkọ rẹ̀ Bánkọ́lé lọ sí Bánjúlù, ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà, níbi tí ìyẹn ti ń ṣe tíṣà. Ọdún méje ni wọ́n fi wojú Olúwa. Nígbà tí oyún dé, èmi àti Màmá ṣètò láti débẹ̀ kó tó bímọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ̀ nípa ètò wa. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì ká tó gbéra, tẹlifóònù dún ní pálọ̀ onílé wa: Fọlákẹ́ ti bí obìnrin. Ìsọmọlórúkọ di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ní kí Bánkọ́lé sún un síwájú díẹ̀."

"Ọjọ́ kẹjọ kì í ṣe ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù tí wọ́n ń sún síwájú, Démọ́lá."

"Ẹ sọ orúkọ tiyín fún un lórí tẹlifóònù nígbà náà, kó bá yín pè é."

"Orúkọ tí mo mú dání, ẹnu tèmi ló máa ti jáde. Mi ò fẹ́ kí wáyà bá mi pè é." Màmá wá wo ọ̀nà òkèèrè ní ìwò kan tí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí a ò wọ bàálù. Ojoojúmọ́ ni bàálù ń gba orí òrùlé wa lọ balẹ̀ n'Íkẹjà, ojoojúmọ́ náà ni Màmá ń wò ó bí ẹni ń wo gbèsè. Màmá ní ohun tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, tí kò sì fàyà kan omi, kì í ṣe ọkọ̀. Omi la gbà.

Mo ra ìwé aláwọ̀ ewé kan bíi ti ọmọ iléèwé, mo kọ ètò gbogbo sínú rẹ̀. Ọkọ̀ omi yóò gbé wa láti Lómé ní Sátidé, yóò já wa sí Dákà láàárọ̀ Ọjọ́rú. A ó wọ mọ́tò lójú ẹsẹ̀, a ó dé etí odò ní Bárà kí fẹ́rì ìkẹyìn tó sọdá sí Bánjúlù. Níwájú "ibi tí a ó sùn ní Ọjọ́rú," mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: ilé Fọlákẹ́.

Màmá ní, "Tí a ò bá débẹ̀ ńkọ́?"

"A máa débẹ̀, mà."

"Mo ní tí a ò bá débẹ̀."

"Màmá, ẹ ò gba ètò gbọ́ ni."

"Mo gba ètò gbọ́. Ìwọ ni mi ò gbà gbọ́."

Lórí omi

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni. Àwọn òyìnbó arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì ló kún inú rẹ̀, ṣòkòtò kò dé orúnkún wọn, wọ́n ń ná owó ìfẹ̀yìntì lórí òkun. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bá wọn ta tíkẹ́ẹ̀tì ló gbọ́ pé yàrá kan ṣófo, ó sì bá wa gbà á ní pọ́ọ́kú.

Àwọn èèyàn náà kì í kí ara wọn. Ẹ ó pàdé wọn láàárọ̀ ní ọ̀nà tóóró, wọn á wo ẹsẹ̀ yín, wọn á fara gbún ògiri kọjá. Ní ọjọ́ kìíní Màmá rò pé ìjà ló ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ kejì ó tó gẹ́ẹ́. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá oúnjẹ, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó ń wọlé: "Ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Kí a tó lo ọjọ́ mẹ́ta, bàbá òyìnbó gígùn kan wá bá Màmá fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ kárọ̀." Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni o.

Màmá ní, "Ó gbìyànjú. Àwọn tí mo bí nínú mi ń bẹ tí kì í kí mi rárá."

Oúnjẹ? Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, kò sì sí ọ̀kan tó ní ata nínú. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ti inú rẹ̀ yọjú wò wá. Ẹja tútù bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde láti inú fíríìjì. Màmá kàn ṣí báàgì ọwọ́, wọ́n yọ ìgò ata gígún, wọ́n gbọ̀n ọ́n sí i. Bàbá gígùn yẹn ní kí Màmá bu díẹ̀ fún òun. Ó tọ́ ọ wò, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sáré jáde. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé abọ́ rẹ̀ wá.

Ní tèmi, ara mi kò lélẹ̀. Lójú títì, tí ẹ bá ti rí Ìyánà Ìpájà, ẹ ti mọ̀ pé bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀bù Pleasure kò jìnnà mọ́. Òkun kò ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀bù kankan. Omi tí ẹ rí lánàá lẹ máa rí lónìí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹ ti kúrò lójú kan. Mo rìn yí ọkọ̀ náà po títí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń sá fún mi. Mo ń bi wọ́n láràárọ̀, "Ṣé Ọjọ́rú náà ló ṣì jẹ́?" Tí mo bá sì padà sí yàrá, màá bi Màmá pé, "Kí ni orúkọ náà gan-an?" Màmá á ní, "Lọ ka ètò rẹ."

Ó wá ku ọ̀la kí a dé. Wọ́n ti ìwé kan sábẹ́ ilẹ̀kùn wa, Faransé pọ́ńbélé. Faransé tí mo kọ́ fún oṣù mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò tó o, ṣùgbọ́n mo rí i kà pé kí kálukú gbé ẹrù rẹ̀ síta kí aago mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́ tó lù, àwọn á bá a gbé e sọ̀kalẹ̀. Ìyókù, mo fò ó. Mo rí i pé àwọn ará yàrá kejì ń so ríbọ́ọ̀nù mọ́ àpótí wọn, mo sì rẹ́rìn-ín. Màmá ti so tiwa láti Ẹgbẹ́dà: ìrépé àdìrẹ aláró kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ya lára ìró àtijọ́, wọ́n so ó mọ́ gbogbo ẹrù wa kí ó má baà bá ẹlòmíràn lọ. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa?

Màmá ní, "Síta? Ẹrù a máa sùn síta?"

"Ètò wọn ni, mà."

"Àpótí mi ò sun ìta rí. Kò ní bẹ̀rẹ̀ lójú agbami."

Ohun tó wà nínú àpótí náà ni oyin, obì, orógbó, ataare àti iyọ̀ tí a ó fi sọ ọmọ lórúkọ, àti aṣọ òkè tí wọ́n fi gbé Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kẹjọ tirẹ̀. Nígbà tí Màmá lọ dágbére fún bàbá alátagígún, èmi ọ̀mọ̀wé gbé àpótí náà síta. Tèmi? Mi ò tíì di tèmi tán.

Dákà

Ilẹ̀ mọ́, a gúnlẹ̀, àpótí kò sí. A wá a lókè, a wá a nísàlẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ funfun látòkè délẹ̀ fi ọwọ́ àti Gẹ̀ẹ́sì kékeré ṣàlàyé fún wa. Ríbọ́ọ̀nù funfun ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Pupa ń lọ sí ìgboro. Búlúù ń lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun kan tó tó ìrìn wákàtí kan àbọ̀, bọ́ọ̀sì wọn sì ti gbéra. Ẹni tó bá máa dá lọ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ so nǹkan kan. Ó wá nawọ́ sí ìrépé àdìrẹ tó wà lára báàgì ọwọ́ Màmá, ó rẹ́rìn-ín: "Búlúù."

Màmá yíjú sí mi. "Ta ló gbé e síta?"

"Èmi ni, mà."

Mo ti múra sílẹ̀ fún èpè. Èpè kò wá, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Màmá tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní, "Ó dáa. Àpótí mi ti rí hòtẹ́ẹ̀lì sùn. Ó wá ku èmi tí mo ni ín."

Ìlú Dákà, ẹ ò ní gbàgbọ́. Àwọn èèyàn ga, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán, agbádá wọn ń gbá ilẹ̀, wọ́n sì mọ ìkíni dé góńgó. Wọn á kí yín, wọn á kí ilé, wọn á kí àláàfíà ilé, wọn á tún padà kí yín bí ẹni pé wọn ò tíì rí yín. Màmá mí kanlẹ̀: "Èèyàn rèé!" Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé gáréèjì, tí a jókòó sínú Píjò elérò méje, tí dẹ́rẹ́bà ń kí gbogbo gáréèjì lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Obìnrin tó jókòó tì mí sọ Gẹ̀ẹ́sì geere: "Ọ̀gá, ṣé aago yẹn ló máa wa ọkọ̀ ni?"

Bí a ṣe mọ Màríámà nìyẹn. Ará Bárà ni, létí odò níbi tí fẹ́rì ti ń gbéra. Ó wá ra aṣọ títà ní Dákà. Ó ní òun ti mọ̀ pé ará Nàìjíríà ni wá, nítorí pé à ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń jà, bẹ́ẹ̀ inú wa dùn. Mo ní lónìí, inú wa kò dùn o. Mo ro ẹjọ́ àpótí fún un. Ó yíjú sẹ́yìn, ó fi èdè Wọlọ́ọ̀fù tún un rò fún gbogbo ọkọ̀. Bàbá kan tó ń fa tẹ̀sùbáà sọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

Màríámà ní, "Bàbá ní, nígbà tó jẹ́ ẹrù ọmọ tuntun, kí dẹ́rẹ́bà yà síbẹ̀."

Kò sí ẹni tó fajú ro. Ẹ̀yin ará Ẹgbẹ́dà, ẹ dá mi lóhùn: ta ni nínú wa tó máa jókòó pẹ̀sẹ̀ kí mọ́tò yà kúrò lójú ọ̀nà nítorí àpótí àlejò?

Létí òkun

Hòtẹ́ẹ̀lì náà funfun bí eyín. Àwọn òyìnbó tẹ́ ara wọn sórí yanrìn, wọ́n ń fi oòrùn dín ara wọn. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ gbà pé àpótí wa wà lọ́dọ̀ wọn. Ó tiẹ̀ mú wa lọ wò ó. Yàrá ẹrù nìyẹn, fèrèsé onírin. A yọjú wọlé, àpótí Màmá rèé lórí tábìlì, àdìrẹ rẹ̀ lọ́rùn, ó jókòó bí ìyàwó ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà ní títì, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ sì ti bá àwọn arìnrìn-àjò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo ẹyẹ ní erékùṣù kan. Wọn ò ní dé títí oòrùn á fi wọ̀.

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo bínú. Mo tún bẹ̀bẹ̀. Mo fi ìwé ètò mi hàn akọ̀wé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Dẹ́rẹ́bà ń fun fèrè. Tí a bá dúró, a ó rí àpótí, a ò sì ní rí fẹ́rì. Tí a bá lọ, a ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ní ọwọ́ òfo.

Màmá kò kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Màmá, aṣọ tí ẹ fi gbé Fọlákẹ́ jáde ńkọ́?"

"Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ wà ní Bánjúlù. Aṣọ ni mo ń wá ni àbí ọmọ?"

Mo kọ àdírẹ́sì Bánkọ́lé sílẹ̀ fún akọ̀wé, a lọ.

Bárà

Wákàtí méjì tí a lò lórí àpótí, a san án padà ní Bárà. Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀, fẹ́rì ìkẹyìn ti wà láàárín odò, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo sáré dé etí omi, mo ń ju ìwé ètò mi sókè bí ẹni tó ń dá bọ́ọ̀sì dúró. Àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe rẹ́rìn-ín dáadáa. Bánjúlù wà lódìkejì, iná ti ń tàn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú iná yẹn, ti Fọlákẹ́ ni. Fẹ́rì tó kàn, ó di aago méje àárọ̀.

Màmá rọra dé ẹ̀yìn mi. "Ṣí ìwé yẹn. Kọ ọ́ síbẹ̀: a ò débẹ̀."

Mo bi Màríámà bóyá hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà nítòsí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Mo wà níbí, ẹ ń béèrè hòtẹ́ẹ̀lì? Ẹ fẹ́ kí àwọn aládùúgbò mi máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Màmá sọ sí mi létí, "A ò mọ̀ ọ́n rí o."

Mo ní, "Màmá, òun náà ò mọ̀ wá rí."

Inú àgbàlá rẹ̀ la ti jẹun, lórí ẹní, gbogbo wa yí abọ́ ńlá kan ká, òun, àwọn ọmọ rẹ̀, àti àwa. Ìrẹsì tó pupa fún tòmátò àti epo, odindi ẹja láàárín, gbágùúdá àti kárọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dùn dé ibi tí mo ti gbàgbé aago. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ta ni ọmọ tó máa na ọwọ́ sí ẹja kí àgbà tó fọwọ́ kàn án? Mo ń dúró de Màmá. Màmá, ẹni tó jẹ́ àlejò, ń dúró de onílé. A kó ìrẹsì jẹ, a gbẹ́ kòtò yí ẹja ká, ẹja wà ní erékùṣù.

Màríámà dáwọ́ dúró. "Ẹja mi kò dára ni?"

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, onílé ló máa ń já ẹja sí iwájú àlejò, òun sì ti ń já a sí iwájú wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí a kàn ń ti gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́? Màmá wo iwájú wọn, òkìtì ẹja. Wọ́n rò pé àwọn ọmọ ló ń jẹ ẹ́ kù!

A jẹun tán, Màríámà bi Màmá ohun tó wà nínú àpótí tí ó ń dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Màmá kà á fún un. Màríámà dìde. Ó gbé ìgò oyin jáde láti ìyẹ̀wù. Ó mú obì wá láti ilé kejì, ó ní àwọn náà ń pín in tí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ. Ó bu iyọ̀ sínú ìwé. Orógbó, kò mọ̀ ọ́n. Ataare, ó ní ó tán lọ́jà. Ó wá tú ẹrù títà rẹ̀, ó fa aṣọ funfun tuntun kan yọ, ó gbé e lé Màmá lẹ́sẹ̀.

Ó ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ṣe báyìí, wọ́n máa ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ."

"Màríámà, Áńgílíkà ni wá o."

"Màmá, mi ò ní kí ẹ wá kírun. Orúkọ ni mo ní."

Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Láti Dákà, ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn. Orí ibùsùn Màríámà ni Màmá sùn. Màríámà tẹ́ ẹní sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Lórí fẹ́rì

Aago méje kọjá, fẹ́rì kò lọ. Wọ́n ń ti àgùntàn wọ̀ ọ́, wọ́n ń ti ọkọ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n tún ń ti àgùntàn. Mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀.

"Démọ́lá, jókòó. Ìwọ kọ́ ni ẹ́ńjìnnì."

Mo jókòó. Mo ní, "Màmá, ó ku díẹ̀ ká débẹ̀. Orúkọ wo ni?"

Màmá gbé ìgò oyin Màríámà lé itan. Wọ́n ní, "Ilésanmí."

Ó yé mi kíá. Láti ọjọ́ tí Bánkọ́lé ti gbé Fọlákẹ́ kúrò nítòsí wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú wọn bí egungun ẹja.

"Kó máa pè é lójoojúmọ́," Màmá ní. "Bó bá ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun, kó máa gbọ́ ẹjọ́ mi."

"Màmá, pàṣán tí ẹ fẹ́ fi na Bánkọ́lé, ara ọmọ ló máa bà. Ọdún méje ni wọ́n fi wá a."

Màmá kàn gbé ìgò oyin yẹn mọ́ àyà.

Bánjúlù

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a ya wọ ilé Bánkọ́lé. Pásítọ̀ ti ṣí ìwé. Fọlákẹ́ rí Màmá, ó fẹ́ pariwo, ó rántí pé ọmọ wà lọ́wọ́ òun, ló bá kàn dúró, omijé ń ṣàn. Màmá kò jókòó. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n gba ọmọ, wọ́n fi aṣọ funfun yẹn wé e.

Bàbá ọmọ sọ tirẹ̀: Ayọ̀olúwa. Pásítọ̀ yíjú: "Ìyá àgbà, kí lẹ̀yin pè é?"

Bánkọ́lé ń rẹ́rìn-ín, kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo mọ̀. Màmá wo Bánkọ́lé. Wọ́n wo Fọlákẹ́. Wọ́n ki ìka bọ oyin, wọ́n fi kan ọmọ lẹ́nu, ọmọ náà pọ́n ọn lá.

Màmá ní, "Màríámà."

Àwọn ará Gáńbíà tó wà níjókòó ló kọ́kọ́ hó yèè. Bánkọ́lé dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára mi, ó ń béèrè. Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà.

Àpótí náà wá bá wa lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ìwé hòtẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn. Ohun kan kò yingin nínú rẹ̀. Màmá tú ìrépé àdìrẹ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, pupa ni wọ́n so.

Mo bi Màmá ohun tí a ó fi Ilésanmí ṣe báyìí, nígbà tí ọmọ kò jẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́ sára géètì ilé mi ní Ayọ̀bọ̀, tí mo bá kọ́ ọ tán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé náà, ẹ mọ̀ pé èébú ni.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, àwọn ìyá ìjọ ká Màmá mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn gbọ́ orúkọ ọmọ, orúkọ náà ya àwọn lẹ́nu. Ṣé ọkọ Fọlákẹ́ ti di Mùsùlùmí ni, àbí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Màmá tún gèlè wọn ṣe. "Rárá o," wọ́n ní. "Ilé Màríámà ni mo sùn."